Òjò Òde àti Òjò Abẹ́ Aṣọ

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sì ṣeun tí ẹ yọjú. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹni tí òjò sábà máa ń bá nínú ilé. Létí ẹni tí iṣẹ́ tàbí ìrìn ẹsẹ̀ ń gbé lọ sí ìta gbangba, kì í ṣe kékeré rárá. Àwọn àgbà ní òjò ò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni eji rí leji ń pa. Bí òjò bá sì ká ni mọ́ ibi tí ilé ti jìnnà, aṣọ ọrùn ẹni nìkan ni òrùlé tó kù.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kan ṣáájú. Nígbà tí ẹ bọ́ aṣọ òjò yín kẹ́yìn, tí ẹ rí i pé ẹ̀wù abẹ́ rẹ̀ ti rin gbingbin, níbo ni omi yẹn ti wá? Ọ̀pọ̀ yín á ní aṣọ òjò náà ló ń jò. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ rí. Mo ra aṣọ òjò onírọ́bà tuntun, mo fi gun òkè nínú òjò wẹliwẹli, mo dé gbogbo rẹ̀ pa títí dé ọrùn, mo sì ń yára kí n lè tètè kúrò nínú òjò. Nígbà tí mo dé orí òkè, tí mo dúró, afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, àfi bí ẹni pé inú odò ni mo ti jáde. Mo bínú sí aṣọ náà gan-an. Nígbà tí mo délé, mo yí inú rẹ̀ síta, mo so apá rẹ̀ méjèèjì, mo da omi sí i, mo gbé e kọ́ sókè di ọjọ́ kejì. Ẹ̀kán omi kan kò jò jáde.

Aṣọ náà kò jẹ̀bi. Kò jẹ́ kí omi wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí omi jáde pẹ̀lú.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé òjò méjì ló ń pa èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ti òde wà, tọmọdé tàgbà ló mọ̀ ọ́n. Ti abẹ́ aṣọ wà, òógùn ni. Ẹni tó ń gun òkè kíkankíkan, tàbí tó ru ẹrù wúwo rìn, lè làágùn tó lítà kan láàárín wákàtí kan. Kò sí àkúnya òjò tó lè gba ojú ihò abẹ́rẹ́ wọlé kó tó ìyẹn. Gbogbo ohun tí mo bá sọ nípa aṣọ lónìí, ẹ máa fi ìbéèrè kan ṣoṣo wọ̀n ọ́n: omi tó wà níbí, apá ibo ló ń lọ? Ṣé ó ń kúrò lára ni, àbí ó ń bọ̀ wá sí ara?

Kí ni omi ń ṣe fún wa tí a fi ń sá fún un tó bẹ́ẹ̀? Aṣọ kò ní ìgbóná tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín fọ́nrán rẹ̀ ló ń dá ìgbóná ara dúró kó má baà sá lọ. Bí omi bá wọ aárín fọ́nrán wọ̀nyẹn, á lé afẹ́fẹ́ jáde, omi sì ń gbé ìgbóná kúrò lára ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́ lọ. Ìyẹn nìkan kọ́. Omi tó ń gbẹ lára ẹni kì í gbẹ lọ́fẹ̀ẹ́, ara ló ń san owó rẹ̀. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ń pèsè ìgbóná tó bá ti gílóòbù iná 100 wáàtì mu. Kí lítà omi kan tó lè gbẹ tán lójú awọ ara, á gba gbogbo ìgbóná tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń pèsè ní wákàtí mẹ́fà sí méje. Nínú oòrùn, ìtura ńlá nìyẹn, ìdí rẹ̀ tí Ọlọ́run fi dá òógùn mọ́ wa nìyẹn. Nínú òjò àti afẹ́fẹ́, olè ni.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń kọminú tí mo bá gbọ́ kí ẹnì kan ní, "Kò séwu, á gbẹ mọ́ mi lára." Ìgbóná inú ara wa wà ní nǹkan bí 37°C. Bó bá ti wá sí ìsàlẹ̀ 35°C, ewu ti dé, dókítà ló ń wá. Kì í ṣe ibi tí omi ti ń di yìnyín nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ojú ọjọ́ tó wà ní 10°C, tí òjò ń rọ̀, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, tí aṣọ sì ti tutù mọ́ èèyàn lára, tó láti dá alágbára dúró. Gbígbọ̀n ni àmì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ìka ọwọ́ ò ní lè fa síìpù mọ́, ọ̀rọ̀ á máa lọ́ lẹ́nu, ẹsẹ̀ á máa kọ. Bí ẹ bá wá rí ẹni tó ṣì tutù ṣùgbọ́n tí kò gbọ̀n mọ́, ẹ má ṣe rò pé ara rẹ̀ ti yá o. Agbára tó fi ń gbọ̀n ló ti tán. Ẹ bọ́ aṣọ tútù kúrò lára rẹ̀, ẹ fi gbígbẹ wé e, ẹ wá ìrànlọ́wọ́ kíákíá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú ọ̀rọ̀ aṣọ. Ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń wọ aṣọ lé aṣọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀: àwọ̀tẹ́lẹ̀, aṣọ àárín, àti àwọ̀lékè.

Àwọ̀tẹ́lẹ̀ ni mo fẹ́ ká bá fínra jù, nítorí òun ni a kì í náání. Owó tí a ń ná lórí jákẹ́ẹ̀tì òde kì í jẹ́ ká wo ẹ̀wù tó kan ara gan-an. Òwú lásán ni ọ̀pọ̀ máa ń wọ̀, òwú sì ni ọ̀tá ẹni tó ń rìn nínú òjò tútù. N kò bú òwú o. Nínú ooru, kò sí aṣọ tó tù mí lára tó o. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí òwú ní sí omi pọ̀ jù. Á fà á mu títí omi inú rẹ̀ á fi wúwo ju òun fúnra rẹ̀ lọ, á wá lẹ̀ mọ́ awọ ara, kò ní gbẹ bọ̀rọ̀.

Irun àgùntàn yàtọ̀. Ó lè gba omi tó tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀ sínú fọ́nrán, kó má sì tíì dà bí aṣọ tútù lọ́wọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́. Ohun ìyanu mìíràn wà níbẹ̀: bó ṣe ń fa ooru omi mu, ìyẹn omi tó ti gbẹ wọ inú afẹ́fẹ́, ó ń tú ìgbóná díẹ̀ jáde. Kì í tètè rùn pẹ̀lú. Àbùkù rẹ̀ ni pé bó bá ti rin tán pátápátá, ó máa ń pẹ́ kó tó gbẹ. Pọ́líẹ́stà ní tirẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gba omi sínú fọ́nrán rẹ̀ rárá, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Omi kàn máa ń rìn gba ẹ̀gbẹ́ fọ́nrán rẹ̀ bọ́ sí òde ni, níbi tí ó ti lè tàn ká kó sì gbẹ. Ó tètè ń gbẹ, ó tètè ń rùn. Bí ìrìn náà bá jẹ́ ti ọjọ́ kan, tí mo sì máa ṣiṣẹ́ gidi, pọ́líẹ́stà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo ń mú. Bó bá jẹ́ ti ọjọ́ mélòó kan, tàbí tí mo máa dúró lójú kan nínú òtútù, irun àgùntàn ni. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, kó fún mọ́ ara dáadáa. Aṣọ tí kò kan ara kò lè fa omi kúrò lára.

Ti aṣọ àárín kò gùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó há afẹ́fẹ́ mọ́. Aṣọ onírun pọ́líẹ́stà tí wọ́n ń pè ní fleece, tí ilé iṣẹ́ Malden Mills ní Amẹ́ríkà ṣe jáde ní 1979, ṣì dára gan-an fún òjò, torí kódà bó bá rin, téèyàn bá fún un, tó gbọ̀n ọ́n nù, ó ṣì ń mú ara móoru. Ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ ló móoru jù lọ bó bá gbẹ, ó sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n bí omi bá ti kàn án, ìyẹ́ náà á dì pọ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á tán, ó di òfo. Nínú òjò, inú àpò ni tèmi máa ń wà títí màá fi dé abẹ́ òrùlé. Bí ẹ bá ní agbára láti mú aṣọ àárín méjì tó tínrín dípò ẹyọ kan tó nípọn, ẹ mú méjì. Ẹyọ kan tó nípọn kò fún yín ju ọ̀nà méjì lọ: ẹ wọ̀ ọ́ tàbí ẹ bọ́ ọ.

Àwọ̀lékè ni gbogbo ayé ti ń jà lé lórí láti ìgbà pípẹ́. Àwọn èèyàn etí òkun ìhà àríwá ayé, àwọn Inuit àti Yupik, ti ń fi ìfun ẹran omi rán ẹ̀wù òjò tipẹ́tipẹ́. Iṣan ẹran ni òwú ìránṣọ wọn. Bí omi bá kan iṣan náà, á wú, á sì dí ihò abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀. Mo máa ń ronú nípa ọgbọ́n yìí gan-an, nítorí ojú ibi tí wọ́n ti rán aṣọ òjò ni omi kọ́kọ́ máa ń gbà wọlé títí di òní. Ní 1823, Charles Macintosh, ọmọ Skọ́tlándì, gba ẹ̀tọ́ lórí aṣọ méjì tí ó fi rọ́bà yíyọ́ lẹ̀ pọ̀ mọ́ra wọn. Omi ò wọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú òtútù ó le gbagidi, nínú ooru ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Charles Goodyear ló wá rí i ní 1839 pé bí a bá fi imí-ọjọ́ sí rọ́bà tí a sì fi iná sí i, wàhálà yìí á dópin. Síbẹ̀, irú aṣọ tó pa mí lára lórí òkè náà ni: kò sọ́nà fún òógùn.

Ọdún 1969 ni ìlẹ̀kùn ṣí. Robert Gore ní Amẹ́ríkà ń gbìyànjú láti na ọ̀pá ike kan tí wọ́n ń pè ní PTFE. Bó bá ti gbé e sí iná, tó sì rọra ń nà án, á já. Ó ṣe é títí sùúrù fi tán, ló bá fà á yọ lójijì pẹ̀lú agbára. Dípò kó já, ó nà lọ gbọọrọ. Ohun tó jáde kún fún ihò wẹ́wẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ fi jẹ́ afẹ́fẹ́. Ihò wọ̀nyí kéré jù fún ẹ̀kán omi láti kọjá, ṣùgbọ́n omi tó ti di ooru, bíi ti òógùn tó ń gbẹ, ń kọjá níbẹ̀ fàlàlà. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí ni wọ́n fi sínú aṣọ òjò tí wọ́n ń pè ní Gore-Tex, oríṣiríṣi irú rẹ̀ sì ti pọ̀ lónìí.

Níbí gan-an ni mo fẹ́ ká ti ṣọ́ra, nítorí ibi tí ìpolówó ọjà ti ń ṣi èèyàn lọ́nà nìyí. Wọ́n á ní aṣọ yìí "ń mí". Kì í mí. Ooru omi ń kọjá nínú rẹ̀ nítorí pé inú gbóná, ó sì kún fún ooru omi ju òde lọ. Bí òde náà bá gbóná, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ti kún fún omi bó ṣe máa ń rí nínú òjò, kí ló máa ti ooru inú jáde? Ẹ tún wo nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sí i. Wọ́n lè ní aṣọ kan ń jẹ́ kí gíráàmù 20,000 kọjá nínú mítà onígun kan láàárín wákàtí 24. Ẹ pín in: ó lé ní 800 gíráàmù ní wákàtí kan, nínú yàrá ìdánwò tí gbogbo nǹkan ti dára. Ẹni tó ń sáré gòkè lè làágùn tó lítà kan. Kódà nínú ìdánwò, òógùn ṣì lè borí aṣọ.

Nọ́ńbà kejì ni ti omi òde. 10,000 mílímítà túmọ̀ sí pé aṣọ náà lè ru ọ̀pó omi tó ga ní mítà 10 kó tó jò. Ìyẹn ju agbára òjò lọ, àmọ́ ibi tí okùn àpò ti ń tẹ èjìká, tàbí tí èèyàn ti kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù, níbẹ̀ ni nọ́ńbà náà ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹnì kan bi mí lẹ́ẹ̀kan pé aṣọ òun tó dára tẹ́lẹ̀, kí ló dé tó fi ń jò báyìí. Mo ní kó wọ́n omi sí i. Ẹ ti rí omi lórí ewé kókò? Bó ṣe ń yí gbirigbiri bí ìlẹ̀kẹ̀, tí kì í lẹ̀ mọ́ ewé, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó ṣe lórí aṣọ òjò. Tirẹ̀ kàn tàn ká ni, aṣọ náà sì ṣú. Awọ inú rẹ̀ kò tíì ya, nǹkan tí wọ́n fi pa ojú òde tó ń ta omi nù ló ti lọ. Bí ojú òde bá ti mu omi, ooru inú ò rí ọ̀nà jáde mọ́, á di omi padà nínú aṣọ, ẹni tó wọ̀ ọ́ á rò pé òjò ló wọlé. Ìtọ́jú rẹ̀ kò le: ẹ fọ̀ ọ́ bí àkọlé inú rẹ̀ ṣe wí, ẹ ṣan ọṣẹ kúrò pátápátá, ẹ fi ìgbóná díẹ̀ gbẹ ẹ́ bí àkọlé bá gbà bẹ́ẹ̀. Bí omi ò bá tíì yí lórí rẹ̀, ẹ ra èyí tí wọ́n ń pa lé e lọ́tun. Ẹ má fi oògùn tí ń mú aṣọ rọ̀ kàn án láé. Àwọn kẹ́míkà tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹrà nínú ilẹ̀ àti omi. Ní 2019 ni àdéhùn Stockholm, tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀, fi ọ̀kan nínú wọn, PFOA, sára ohun tó yẹ kó kúrò láyé. Inú mi dùn sí i. Èyí tó rọ́pò wọn kò fẹ́ràn ìdọ̀tí àti òróró ara, ìdí nìyẹn tí fífọ aṣọ òjò déédéé fi ṣe pàtàkì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní aṣọ tó dára jù láyé, tí ẹ kò sì mọ ìgbà tí ẹ ó ṣí i, òógùn á pa yín. Ṣíṣí àti dídé yìí gan-an ni ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Kí ẹ tó gbéra, ẹ bọ́ aṣọ kan kúrò, kí òtútù díẹ̀ mú yín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ara á gbóná bí ẹ bá ti ń rìn. Ẹ̀wù tó móoru dáadáa lẹ́nu ọ̀nà ló ń di omi kí a tó rìn jìnnà. Bí òkè bá dé, ẹ dín ìrìn kù, ẹ ṣí síìpù ọrùn àti ti abẹ́ abíyá, ẹ ká ọwọ́ aṣọ sókè. Ihò kan tí afẹ́fẹ́ ń gbà fẹ́ kọjá ju awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kankan lọ. Bí ẹ bá dúró, ẹ wọ aṣọ àárín kí òtútù tó mú yín. Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà: ẹni tó bá dúró dìgbà tó ń gbọ̀n kó tó wá aṣọ nínú àpò, ìka ọwọ́ rẹ̀ lè má gbọ́ràn mọ́.

Ọmọ tí a gbé tàbí tí a pọ̀n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òógùn yín wọn tirẹ̀. Ẹ̀yin ń rìn, òun jókòó. Ẹ máa fọwọ́ kan àyà rẹ̀ àti ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nìkan.

Nínú òjò tó lọ́wọ́ọ́wọ́, ọ̀rọ̀ yí padà. Níbẹ̀ èmi kì í wọ àwọ̀lékè kankan bí iṣẹ́ bá le. Ẹ̀wù pọ́líẹ́stà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, kí òjò pa á, kó gbẹ. Bí afẹ́fẹ́ kò bá pọ̀, agbòjò ló dára jù gbogbo aṣọ lọ, nítorí kò bo ara mọ́lẹ̀ rárá. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ń rìn jìnnà máa ń tijú àtimú un.

Ti ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ díẹ̀. Kí ẹsẹ̀ ṣòkòtò òjò bo ọrùn bàtà láti òde, ẹ má kì í bọ inú bàtà. Bàtà tí omi ò wọ̀ dára títí omi yóò fi gba ẹnu rẹ̀ wọlé, lẹ́yìn náà kò ní jáde. Nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, ẹsẹ̀ tó pẹ́ nínú bàtà tútù sọ ọ̀pọ̀ ọmọ ogun di aláàbọ̀ ara, láìsí yìnyín níbẹ̀. Ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ẹ nu ẹsẹ̀ gbẹ, ẹ wọ òmíràn.

Ó ku ohun tó wà nínú àpò. Ìbòrí tí wọ́n ń fi bo àpò láti òde kò tó, ẹ̀yìn tó kan ara yín ṣì ṣí sílẹ̀. Ọ̀rá ńlá kan tó lágbára ni kí ẹ tẹ́ sínú àpò, kí ẹ kó gbogbo ẹrù sí i, kí ẹ lọ́ ẹnu rẹ̀ pọ̀. Nínú rẹ̀, ẹ fi àwọ̀tẹ́lẹ̀ kan, ìbọ̀sẹ̀ kan àti fìlà kan sínú ọ̀rá tiwọn lọ́tọ̀. Aṣọ oorun nìyẹn. Kò gbọdọ̀ rí òjò.

Ibi tó le jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ jí, ara yín gbẹ, ó sì móoru, òjò ṣì ń rọ̀, aṣọ àná sì wà lórí okùn, tútù nini. Ọkàn á ní kí ẹ máa wọ gbígbẹ yẹn lọ. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bọ́ ọ, ẹ ká a, ẹ dá a padà sínú ọ̀rá rẹ̀, ẹ fún omi aṣọ àná nù dáadáa, ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ sì máa rìn lójú ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni yóò fi dùn yín. Lẹ́yìn náà ara á gbóná, aṣọ á máa gbẹ lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ ó sì mọ̀ ní gbogbo ọjọ́ náà pé aṣọ gbígbẹ kan ṣì ń dúró dè yín ní alẹ́.